Nígbà Tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Bá Ń Sọ̀rọ̀ Ìlera

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pè é. Ẹ gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹ ti ń ṣe ní kíláàsì: a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì. Ohun tí ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í gba èsì ni. Ó sọ tirẹ̀ tán, ó dákẹ́.

Orúkọ náà bá a mu nígbà náà. Ní ọdún 1935 ni ìjọba àwọn òyìnbó na wáyà rẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1939 ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni, ara ògiri ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí, wáyà ni ó sì so ó pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ tí ohùn ti ń wá. Ẹni tí ó bá ní in a máa san owó lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá ní in a lọ dúró lójú fèrèsé ẹni tí ó ní in. Kò sí ẹni tí ó lè dá àpótí náà lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, kò yé mi."

Lónìí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Rédíò ń gba èsì. Ẹ lè fi fóònù pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ bi í ní ìbéèrè, kí gbogbo ìlú sì gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí, tún ní agbára mìíràn. Ẹ lè kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀. Ẹ sì lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ rédíò. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí rédíò ń sọ nípa àìsàn àti ìlera ní àdúgbò wa, àti bí ó ti yẹ kí a máa gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

SÒBÌÀ, ÀRÙN TÍ KÒ NÍ OÒGÙN

Àwọn àgbà tí ó wà láàrin yín mọ sòbìà. Àwọn ọmọdé òde òní kò mọ̀ ọ́n, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ funfun ni, ó lè gùn tó mítà kan, ẹsẹ̀ ni ó sì sábà máa ń gbà jáde. Ẹni tí ó bá ń mú kò ní lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìgbà iṣẹ́ oko gan-an ni ó sì máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e: oko di igbó, ebi wọlé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà gbà pé sòbìà ti wà lára gbogbo wa láti inú ìyá wá, pé ìgbà tí ó bá wù ú ni ó ń dìde. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Inú omi ni ó ti ń wá. Ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ á ki ẹsẹ̀ bọ inú adágún tí gbogbo abúlé ń mu, nítorí omi tútù máa ń dín ìrora náà kù. Ibẹ̀ ni aràn náà ti ń tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò omi kan, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i, á gbé ọmọ aràn náà mì. Àwa náà á wá bu omi, a ó mu ún pẹ̀lú kòkòrò. Lẹ́yìn bí ọdún kan, sòbìà á yọ. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èṣí? Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura sí omi.

Àrùn yìí kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn tí ń pa á. Ọ̀rọ̀ ni oògùn rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ asẹ́ àti omi tó mọ́. Ẹ fi aṣọ sẹ́ omi kí ẹ tó mu ún. Ẹni tí sòbìà bá ń yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú omi tí ènìyàn ń mu. Gbólóhùn méjì péré! Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjì yìí gbọ́dọ̀ dé abúlé tí mọ́tò kò dé, kí ó sì wọ etí àgbà tí ó ti gbà láti kékeré pé inú ara ni sòbìà ń gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ti ṣe olórí ìjọba Nàìjíríà rí, lọ sí abúlé lóríṣiríṣi nítorí rẹ̀. Rédíò sì ń sọ ọ́ ní èdè tí oníkálukú gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń mú káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, iye wọn lé ní 650,000. Ní ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn. Ní ọdún 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. A kò ní purọ́ fún yín pé rédíò ni ó lé e lọ. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ kànga, tí wọ́n pín aṣọ asẹ́, tí wọ́n wẹ ojú egbò, àwọn ni wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ ìlera bá dé abúlé tí ó bá a pé wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò, iṣẹ́ rẹ̀ á fúyẹ́. Kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí "ta ló rán ọ wá?"

OMI IYỌ̀ ỌDÚN 2014

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Èkó. Láti Làìbéríà ni ó ti ń bọ̀, ara rẹ̀ kò sì yá. Ebola ni. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kó o, àwọn kan sì kú. Dókítà Ameyo Adadevoh, obìnrin tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde ní ilé ìwòsàn, wà lára àwọn tí ó kú. Ẹ̀rù ba tọmọdé tàgbà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kálẹ̀ lóru: kí gbogbo ènìyàn yára fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pé Ebola kò ní ràn wọ́n. Ìyá pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n pe àbúrò. Wọ́n jí àwọn tí ó ti sùn. Ìfẹ́ ni ó mú kí wọ́n máa pe ara wọn, a kò lè torí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lára lè pa ènìyàn, pàápàá ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn kan bá ara wọn ní ọsibítù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ni omi iyọ̀ pa ní Nàìjíríà. Kì í ṣe Ebola ló pa wọ́n o. Ọ̀rọ̀ lásán ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di iṣẹ́ rédíò láti pa iná tí fóònù dá. Àwọn dókítà àti àwọn aláṣẹ ìlera bọ́ sórí afẹ́fẹ́, wọ́n ní irọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Kí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ òru? Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò dárúkọ ara rẹ̀ àti ipò rẹ̀. Bí ó bá purọ́, a mọ ilé iṣẹ́ tí a ó lọ bi. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ńkọ́? "Wọ́n ní" ni. Ta ni wọ́n? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹni tí ó rán an sí yín kò mọ̀, ẹni tí ó rán an sí òun náà kò mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní láti máa wo gbogbo ẹni tí ó ti súnmọ́ aláìsàn Ebola, lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Àwọn tí wọ́n wò báyìí jẹ́ 894, wọ́n sì lọ wò wọ́n ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ẹ ro iye ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn. Bí onílé bá ń bẹ̀rù, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, iṣẹ́ bàjẹ́. Ẹni tí ó ti gbọ́ lórí rédíò pé wọn yóò wá, tí ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá, òun ni yóò ṣílẹ̀kùn. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, wọ́n kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa.

TA LÓ SANWÓ ÈTÒ NÁÀ?

Ó dára. Ṣé ohun tí a ń sọ ni pé gbogbo ohun tí rédíò bá ti wí, òótọ́ ni? Rárá o. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá nira nìyí.

Àwọn ìpínlẹ̀ wa ní ilé iṣẹ́ rédíò tiwọn. Ọ̀yọ́ ní BCOS, Ògùn ní OGBC, Ọ̀ṣun ní OSBC, Èkó ní Rédíò Lagos. Ìjọba àpapọ̀ náà ní Radio Nigeria, òun ni ó ni Amúlùdùn tí ó wà ní Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, tí ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀. Owó ìlú ni a fi dá wọn sílẹ̀, kí wọ́n lè máa sọ ohun tí yóò ṣe ìlú láǹfààní. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ta àkókò. Ẹni tí ó bá lówó lè ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó sì fi polówó ọjà rẹ̀.

Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé ní aago méje, nọ́ọ̀sì ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ibà. Nígbà tí ó bá di aago méje ààbọ̀, ẹlòmíràn tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin á gba gbohùngbohùn. Ó ní ìgò kan lọ́wọ́. Ìgò kan ṣoṣo yìí ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, arọmọléegun kò gbẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ń pè wọlé pé àwọn ti lò ó, ara àwọn ti dá. Rédíò kan náà ni. Ìgbà mìíràn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan náà ni. Báwo ni ìyá tí ń gúnyán lọ́wọ́ yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì jẹ́ ẹ̀kọ́, pé ti èkejì jẹ́ ìpolówó?

Ọ̀nà kan wà. Ẹ máa fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ètò, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dárúkọ ẹni tí ó gbé e wá. Ẹ sì bi ara yín pé: bí mo bá ṣe ohun tí ó wí yìí, ta ni yóò gba owó? Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Kò gba kọ́bọ̀. Onígò ní kí ẹ ra ìgò mẹ́ta, kí ẹ san owó síbí, síbí. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

A kò bú agbo o. Agbo ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà. Ṣùgbọ́n òfin wà. Àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí oògùn kí wọ́n tó tà á, àjọ yìí kan náà ni ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ má gba ìgò kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì ka ara rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ wá ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ìgò agbo, ẹ ó tún rí lẹ́tà kéékèèké kan ní èdè òyìnbó. Ohun tí ó ń sọ ni pé NAFDAC kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn náà ń ṣe ohun tí ẹni tí ó ṣe é sọ pé ó ń ṣe. Ẹ rí i? Nọ́ńbà lè wà lára ìgò, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀rí pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Wọn kì í kà á lórí rédíò.

Ewu ńlá ibẹ̀ kì í ṣe owó tí ó sọnù. Ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbọ́ ìpolówó, kí ó da oògùn nù, kí ó dojú kọ ìgò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ara rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó yá, títí di ọjọ́ tí apá kan àti ẹsẹ̀ kan yóò kọ iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo agbo, ẹ sọ fún dókítà yín ní tààrà. Ẹ má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohùn dídùn.

Ẹ FI PẸ́ŃSÙLÙ SẸ́GBẸ̀Ẹ́ RÉDÍÒ

Ní ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, láti ọdún 1985 sí 1992, wọ́n kọ́ àwọn ìyá káàkiri Nàìjíríà bí a ti ń po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ má ṣe kà á mọ́ omi iyọ̀ òru ọdún 2014. Èyí ní òṣùwọ̀n. Ìgbẹ́ gbuuru ń fa omi àti iyọ̀ jáde lára ọmọ, gbígbẹ yìí ni ó sì ń pa á. Omi tí a pò dáadáa ni a fi ń dá a padà.

Wàhálà rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Ohùn rédíò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ "mẹ́fà", ẹ gbọ́ "ìdajì", ọmọ ké, ẹ yíjú sí i. Nígbà tí ẹ padà, ṣúgà ni mẹ́fà ni, àbí iyọ̀? Bí iyọ̀ bá di mẹ́fà, ohun tí ó yẹ kí ó gba ọmọ là yóò ṣe é ní jàǹbá. Nítorí náà ni a fi ní kí pẹ́ńsùlù àti ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ẹ da èyí kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná:

Omi tó mọ́: lítà kan
Ṣúgà: ṣíbí ìmutíì mẹ́fà, kí ojú rẹ̀ tẹ́jú
Iyọ̀: ìdajì ṣíbí ìmutíì, kí ojú rẹ̀ tẹ́jú

Omi inú ọ̀rá méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára jẹ́ lítà kan. Ẹ má fi ìgò wọ̀n ọ́n bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà lára rẹ̀, nítorí ìgò kan tóbi ju èkejì lọ. Ẹ máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbàkigbà tí ó bá tún ṣu. Ẹ má já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí ó kù ní ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn. Bí ẹ bá wà nítòsí ilé ìtọ́jú aláìsàn, ẹ gba àpò ORS tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, ó dára ju èyí tí a pò nílé lọ. Ẹ sì béèrè síǹkì, oògùn oníhóró tí ọmọ yóò máa lò fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan mọ́, bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú, bí kò bá tọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró po nǹkan kan. Ẹ gbé e dìde lọ sí ọsibítù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún onígbáméjì, tí ó tún jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Àgbàlagbà pàápàá lè kú láàrin wákàtí mélòó kan. A máa ń túmọ̀ orúkọ náà báyìí: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Orúkọ tí àwọn àgbà sọ ọ́ yé wa ju èyí tí dókítà ń pè é lọ. Nítorí náà bí dókítà orí rédíò bá ń pe àìsàn ní orúkọ òyìnbó, ẹ pè é, kí ẹ ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ má tijú. Ẹni tí kò gbọ́ kò dá wà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló ń gbọ́ tí kò yé.

NÍGBÀ TÍ ÀWA NÁÀ BÁ FẸ́ SỌ̀RỌ̀

Rédíò ìlú kì í ṣe ti dókítà nìkan. Ẹ̀rọ omi tí ó bàjẹ́, ilé ìtọ́jú tí kò ní nọ́ọ̀sì lóru, gọ́tà tí ẹ̀fọn ń pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ ìlera ni gbogbo wọn. Akọ̀ròyìn kò lè mọ̀ bí a kò bá sọ fún un. Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì dárúkọ aláìsàn, nítorí ohun tí rédíò bá ti sọ, a kò lè kó o padà.

Àpẹẹrẹ lẹ́tà kan nìyí. Ẹ kà á sókè ní kíláàsì, kí ẹ wá dà á kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àdúgbò tiyín ní ibi tí a fi àyè sílẹ̀ sí.

Àdúgbò ...............
Ìlú ...............
Ọjọ́ ...............

Sí Olóòtú Ètò Ìlera,
Ilé Iṣẹ́ Rédíò ...............

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ará àdúgbò ............... ni a ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀rọ omi wa ti bàjẹ́ láti ọjọ́ ............... Láti ìgbà náà, odò ni a ti ń pọn omi mu. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ............... ni ó ti ṣu ìgbẹ́ gbuuru, nọ́ọ̀sì wa sì ti kọ iye wọn sílẹ̀. A kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ ..............., a kò tíì rí èsì.

A bẹ̀ yín, ẹ rán akọ̀ròyìn wá wò ó. Ẹ sì bá wa bi dókítà bí a ti lè sọ omi odò di mímọ́ kí wọ́n tó tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ètò yín ń lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, oko ni a máa ń wà nígbà náà. Bí ẹ bá lè tún un gbé sáfẹ́fẹ́ ní aago méje alẹ́, gbogbo wa yóò gbọ́ ọ.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

...............
Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò